Ash Blossom kò lágbára jù. Ibi tó ń wọ̀ ló pọ̀ jù.

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn.

Lánàá mo ta Yu-Gi-Oh! Master Duel lórí fóònù títí dátà mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò sí ìgbà kankan tí mo ju káàdì àkọ́kọ́ sílẹ̀ tí n kò bi ara mi pé, "Ṣé Ash wà lọ́wọ́ ẹni yìí báyìí?" Ash Blossom & Joyous Spring ni mò ń sọ o. Ọmọbìnrin kékeré kan ló wà lórí káàdì náà, òdòdó yí i ká, ẹ ó rò pé ó wá ṣeré ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n ta: ṣé ẹ mọ Whot? Ẹ fojú inú wò ó pé 20 kan wà tí kò ní kí ẹ dúró kó kàn yín kí ẹ tó jù ú. Ẹnì kan fi pick two lé yín lórí, ẹ ju 20, pick two ti kú. Ẹnì kan pe general market, ẹ ju 20, ọjà ti tú. Hold on, suspension, gbogbo ẹ̀ pátá, 20 yẹn ló máa pa á. Ta ló máa wá fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nílé? Ohun tí Ash jẹ́ nìyẹn.

Ohun tó ń ṣe gan-an rèé. Bí alátakò bá lo káàdì tó máa mú káàdì láti inú dẹ́ẹ̀kì wá sí ọwọ́, tàbí tó máa pe ẹ̀dá jáde tààrà láti inú dẹ́ẹ̀kì, tàbí tó máa ju káàdì láti inú dẹ́ẹ̀kì sí itẹ́ òkú, ẹ lè sọ Ash nù láti ọwọ́ yín, ohun tó fẹ́ ṣe á sì di asán. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú turn kan. Kò gba nǹkan mìíràn lọ́wọ́ yín.

Ó dà bí nǹkan mẹ́ta péré, àbí? Ẹ̀tàn ni jàre. Kí ni dẹ́ẹ̀kì òde òní ń ṣe tí kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn? Kódà bí káàdì kan bá ní kí ẹ fa káàdì, ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, torí káàdì tí ẹ fà, inú dẹ́ẹ̀kì ló ti wá sí ọwọ́. Ìdí nìyí tí Ash kan náà fi ń pa Pot of Desires, tó ń pa Foolish Burial, tó tún ń pa Maxx "C" tí gbogbo wa ń sá fún.

Ẹ fi wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nibiru ń dúró di ìgbà tí alátakò bá pe ẹ̀dá márùn-ún jáde nínú turn kan. Effect Veiler, ẹ̀dá tó ti wà lórí pápá nìkan ló ń bá jà, nínú Main Phase alátakò nìkan. Droll & Lock Bird máa ń ba ayé ẹni tó ń wá káàdì léraléra jẹ́, ṣùgbọ́n níwájú ẹni tí kì í wá káàdì, ìwé lásán ni. Àwọn wọ̀nyí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ bá ta kí ẹ tó kó wọn dání. Ash kò bi yín ní ìbéèrè kankan. Láti ọdún 2017 tó ti jáde, ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ Ash mẹ́ta sílẹ̀ kí a tó ronú ohun tí dẹ́ẹ̀kì náà fẹ́ ṣe.

Ó sì ní owó nínú. Nínú Master Duel, UR ni Ash. 30 points ni ẹyọ kan, 90 ni mẹ́ta. Bí ẹ bá sì fọ́ UR lásán tí ẹ kò nílò mọ́, 10 péré ni wọ́n ń fún yín padà. Nígbà tí àbúrò mi gbé géèmù yìí sórí fóònù rẹ̀, mo ní kó má tíì ṣe dẹ́ẹ̀kì dírágónì tó wù ú, kó kọ́kọ́ ṣe Ash mẹ́ta. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n ra àgádágodo kí n tó kọ́lé ni?" N ò rí èsì fún un.

Kódà àwọn káàdì tí wọ́n ṣe láti kojú irú Ash ń bá a wá oníbàárà. Ẹ wo Crossout Designator. Ẹ máa dárúkọ káàdì kan, ẹ máa yọ irú rẹ̀ kan kúrò nínú dẹ́ẹ̀kì tiyín, tó bá ti ṣe é ṣe, káàdì yẹn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ títí turn yẹn fi parí. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi dá Ash ẹlòmíràn dúró, ẹ gbọ́dọ̀ ní Ash tiyín. Haba!

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí nínú géèmù mìíràn. Ní 2011, Magic: The Gathering gbé Mental Misstep jáde. Ó ń pa ohunkóhun tí iye rẹ̀ bá jẹ́ 1, ẹ sì lè fi ẹ̀mí 2 san án, kò kan àwọ̀ tí ẹ ń ta. Gbogbo èèyàn kó o dání, púpọ̀ nínú wọn kó o dání kí wọ́n lè fi pa Mental Misstep ẹlòmíràn. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti fòfin dè é nínú Legacy.

Ṣé ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún Ash nìyẹn? Rárá o. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: bí Ash bá lọ lónìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ ta ló ni ilẹ̀. Á máa ta, á máa ta, ẹ ó lọ pọn omi, ẹ ó padà dé, ó ṣì ń ta. Ash wà lára ohun díẹ̀ tí ẹni kejì ní lọ́wọ́ kí ó tó kàn án.

Àwọn kan ní kí wọ́n dín in kù sí ẹyọ kan. Mo jókòó ṣírò rẹ̀. Nínú dẹ́ẹ̀kì 40, bí ẹ bá ní mẹ́ta, àǹfààní pé ó kéré tán ọ̀kan wà nínú márùn-ún tí ẹ kọ́kọ́ fà jẹ́ nǹkan bí 34 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, 12.5 ni. Ohun tó yí padà níbẹ̀ kò ju pé a sọ ọ́ di tẹ́tẹ́. Ẹni tó bá rí i fà ṣì máa pa ohun tó wù ú, ẹni tí kò rí i fà á kàn máa wòran.

Ibi tó ń dùn mí gan-an rèé. Ẹni tó kọ́kọ́ ta ti kọ́ ilé rẹ̀ parí, ẹ̀dá mẹ́rin wà lórí pápá, gbogbo wọn ló lè dí mi lọ́wọ́. Ó wá kàn mí. Mo já ọ̀kan, mo já èkejì, mo wá rí ọ̀nà kékeré kan gbà. Ló bá sọ Ash nù láti ọwọ́! Ṣebí ẹni tí kò ní nǹkan kan ni wọ́n ṣe é fún? Báwo ni olówó ṣe wá ń bá wa tò sórí ìlà oúnjẹ ọ̀fẹ́?

Nítorí náà, gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ kí Konami fi kún un: kí Ash má ṣiṣẹ́ àfi bí ẹ kò bá ní káàdì kankan lórí pápá. Kì í ṣe ohun tuntun. Infinite Impermanence kò ṣe é lò láti ọwọ́ bí ẹ bá ti ní káàdì lórí pápá, àwọn Mulcharmy tó dé ní 2024 náà sì ń béèrè pé kí pápá yín ṣófo. Ẹni kejì á ṣì ní ààbò rẹ̀ ní turn àkọ́kọ́. Ẹni tó ti kọ́lé, kó fi ilé rẹ̀ gba ara rẹ̀ là.

Mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn kan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn dẹ́ẹ̀kì tó lọ́ra, tí ẹ máa ń da káàdì méjì mẹ́ta bolẹ̀ kí ẹ tó fún ẹni kejì láàyè, ẹ̀yin lẹ máa pàdánù jù, n kò sì rí ọ̀nà tí mo lè gbà sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ní Konami kì í tún ọ̀rọ̀ ara káàdì kọ, ẹ wo Sangan. Wọ́n tú u sílẹ̀ nínú òfin, ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ kí káàdì tí ẹ bá fi wá má ṣe é lò ní turn yẹn. Ìyọnu àwọn tó ní èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà tẹ́lẹ̀ máa wà lóòótọ́. Wọ́n gba ti Sangan mọ́ra.

Kí ó tó di ìgbà yẹn, mẹ́ta tèmi ṣì wà nínú dẹ́ẹ̀kì. Ẹni tó bá ní kí n yọ wọ́n, kó kọ́kọ́ yọ tiẹ̀.