Igi Tí Ó Lè Fara Da Èéfín: Ọ̀rọ̀ Tó Kan Àwẹ́ àti Àwọn Ìlú Afijió

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí i pé eruku àti èéfín ọkọ̀ akẹ́rù ti bo ewé igi ẹ̀bá títì ní Fìdítì àti Ìlọrà. Ní Àwẹ́, èéfín ibi tí a ti ń yan gàrí àti ti jẹnẹrétọ̀ tún ń kún un. Eruku wẹ́wẹ́ inú èéfín a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, àwọn ọmọdé àti arúgbó ni ó sì ń kọ́kọ́ ṣe ní jàǹbá. Igi wo ni ó yẹ kí á gbìn?

Ní ọdún 1983, àwọn onímọ̀ méjì ní Íńdíà, Singh àti Rao, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ fún irú ìbéèrè yìí. Nǹkan mẹ́rin ni a ń wò nínú ewé: fítámì C, èròjà tí ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, omi inú rẹ̀, àti bí oje rẹ̀ ṣe kan tó. Gáàsì búburú a máa gba ihò tíntìntín ara ewé wọlé, a sì di ásíìdì. Fítámì C wà lára ohun tí ń gbèjà ewé. Igi tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ga ni ó yẹ fún ààbò. Èyí tí tirẹ̀ kéré wúlò bí alóre: ewé rẹ̀ a tètè gbẹ, a sì fi tó wa létí pé ewu ti dé.

Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìlọrin lo òṣùwọ̀n yìí fún igi òrí àti igi fúrúùtù, ìwádìí wọn sì jáde ní 2015. Nítorí náà, a lè dán igi ilẹ̀ wa wò kí á tó gbìn ín.

Àmọ́ igi tí kò kú kò túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ti mọ́. Eruku tí ewé gbà ń padà sílẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀. Máńgòrò ẹ̀bá títì gbọ́dọ̀ di fífọ̀ kí á tó jẹ ẹ́. Bí igi bá sì pọ̀ jù ní òpópónà tóóró, abẹ́ rẹ̀ ni èéfín yóò sé mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láàárín títì àti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Kí ẹni tí ń dáná sì mọ ihò èéfín tó ga sí ààrò rẹ̀. Àwọn àgbà ní èéfín kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ewé igi pàápàá kò lè bò ó.