Àkáǹtì báńkì kì í ṣe aṣọ àyálò

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ wà nílùú ọba, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká sọ láìfepo bọyọ̀.

Tí wọ́n bá ti dárúkọ jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ẹnì kan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó ń wá bó ṣe máa já wọnú àkáǹtì wa. Irú ẹ̀ wà lóòótọ́. Àmọ́ èyí tí mò ń bẹ̀rù fún wa jù kò nílò kí ẹnikẹ́ni já nǹkan kan. Àwa fúnra wa la máa fọwọ́ ara wa tẹ owó ránṣẹ́, tàbí ká gbà kó ti inú àkáǹtì wa kọjá.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣẹ́ náírà sí pọ́n-ùn láàárín ara wa lórí WhatsApp. Ẹnì kan ní pọ́n-ùn, ó ń wá náírà tó máa fi ránṣẹ́ sílé. Ẹlòmíì ní náírà, owó ilé ti tó san. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, mo mọ ohun tójú ń rí. Àmọ́ nígbà tí pọ́n-ùn bá máa wọlé, orúkọ tó máa jáde kì í ṣe ti ẹni tí ẹ jọ ṣàdéhùn. Ẹ bi í, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fi àkáǹtì ẹ̀ ran òun lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n wo? Ó lè jẹ́ owó ìyá àgbàlagbà kan ní Leeds ni, tí oníjìbìtì pè, tó ní báńkì lòun, kí ìyá tètè kó owó wọn lọ sí àkáǹtì tí kò séwu. Àkáǹtì "tí kò séwu" yẹn, tiyín ni.

Bí ìyá bá figbe ta, ọ̀dọ̀ yín ni báńkì máa tọ ipasẹ̀ owó dé. Wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa. Wọ́n tún lè fi àmì sí orúkọ yín lọ́dọ̀ Cifas, níbi tí àwọn báńkì ti ń fi ọ̀rọ̀ oníjìbìtì tó ara wọn létí. Àmì ọ̀hún lè wà níbẹ̀ fún ọdún 6. Àtiṣí àkáǹtì míì á wá di ogun, ká má tíì sọ fóònù tí à ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ yá àkáǹtì wọn fún àjèjì torí owó péńpé ńkọ́? Fífọ owó ni òfin ń pè é. Lábẹ́ òfin Proceeds of Crime Act ti 2002, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lè tó ọdún 14. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ẹnì kan á ní, "Ṣebí báńkì máa dá owó padà?" Lóòótọ́, láti ọjọ́ 7 oṣù October 2024, dandan ni kí báńkì, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, dá owó padà fún ẹni tí wọ́n tàn tó fi fowó ránṣẹ́, tó fi dé £85,000. Báńkì tówó ti jáde àti èyí tówó wọ̀ ni wọ́n jọ máa pín in san. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an jẹ́ ìdí tí báńkì yín fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ owó tó ń wọlé sí yín. Àmọ́ láàárín àkáǹtì méjì tó wà ní UK nìkan lòfin yìí mọ. Náírà tí bàbá yín bá san láti Ìbàdàn sí àkáǹtì oníwàyó kan ní Èkó, kò kàn án rárá.

Kí wá ni ṣíṣe? Tí orúkọ ò bá bá ti ẹni tí ẹ jọ ṣàdéhùn mu, ẹ má ṣe é. Tí owó tí ẹ ò mọ̀dí bá wọlé, tí ẹnì kan ní àṣìṣe ni, kí ẹ fi ránṣẹ́ síbòmíì, ẹ má ná an, ẹ má fi ránṣẹ́, báńkì yín ni kí ẹ pè. Tí ẹnì kan bá pè pé báńkì lòun, ẹ gé e, kí ẹ tẹ 159. Ọ̀pọ̀ báńkì ilẹ̀ yìí ló wà lórí nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó bá sì ní Home Office lòun, kí ẹ sanwó kí wọ́n má baà dá yín padà sílé, irọ́ ló ń pa.

Ẹ̀yin alábòójútó ẹgbẹ́ WhatsApp gbogbo, ọwọ́ yín ló kù sí. Ẹ fi òfin lélẹ̀: kò sí àkáǹtì ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ wa. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló lowó, kí ẹ̀gbọ́n fúnra ẹ̀ wá ṣàdéhùn. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tì wá láti béèrè, torí ọmọ ìlú wa ni, kó má dà bíi pé a fura sí i. Ìtìjú yẹn gan-an loníjìbìtì fi ń jẹun.

Òun náà ló ń pa ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì lẹ́nu mọ́, tá á fi jẹ́ pé oṣù 13 tí òfin fún un láti béèrè owó ẹ̀ á kọjá lórí ẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yéé pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀mùgọ̀ tàbí olójúkòkòrò. Ká bá a pe báńkì lọ́jọ́ náà gan-an ló máa ràn án lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń bọ̀ ní September, kí wọ́n tó wọ bàlúù.