Ẹ̀rí Ìwòsàn Kì Í Ṣe Àṣẹ Láti Ju Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Sódò

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Ó kan gbogbo wa ní Makun-Omi níbí, ó kan Abigi, Ibiade àti Iwopin, títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè. Àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló sì kàn jù.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á gbàdúrà fún màmá kan ní ìṣọ́ òru ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀fọ́rí á lọ, ara á fúyẹ́. Tó bá di Sunday, màmá á jẹ́rìí, gbogbo ìjọ á pariwo Halleluyah. Tó bá di Monday, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ inú odò.

Mo gbà pé Jésù ń wo aláìsàn sàn. Mo ń gbàdúrà fún aláìsàn, n ò sì ní jáwọ́ láyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí a jẹ́ lórí pẹpẹ kọ́ ló ń pàṣẹ pé kí èèyàn dá oògùn ọkàn dúró. Àyẹ̀wò ló ń sọ ọ́, dókítà ló sì ń fọwọ́ sí i.

Ẹ ṣí Lúùkù orí 17. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ké sí Jésù, ó ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà. Kí nìdí? Nínú òfin Mósè, Léfítíkù 13 àti 14, àlùfáà ló ń yẹ ara adẹ́tẹ̀ wò kó tó lè padà sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Olúwa tó ṣe ìwòsàn yẹn gan-an ló rán wọn lọ síbi àyẹ̀wò. Ìwòsàn tòótọ́ kì í sá fún àyẹ̀wò.

Ẹni kan á ní, "Pásítọ̀, BP mi ti wálẹ̀, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò." Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí BP bá wálẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń lo oògùn, oògùn yẹn lè jẹ́ ohun tó dì í mú. Dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ó lè wà lára ẹni tí orí kò fọ́ rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, ọmọ Oǹdó tó ṣiṣẹ́ takuntakun lórí àrùn yìí ní Ìbàdàn kó tó kú ní 2020, ló darí ìgbìmọ̀ tó gbé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ jáde ní 1997. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ti pé ọdún 15 sókè, bíi mọ́kànlá ló ní in. Bẹ́ẹ̀, 160 lórí 95 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n nígbà náà. Lónìí, 140 lórí 90 ti tó láti gbà pé ó ga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ àwọn oògùn yìí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń jù nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ ojú omi mọ̀ pé tí ọ̀nà omi bá fún, omi á máa fi agbára tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀. Amlodipine ń jẹ́ kí iṣan dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ráyè kọjá. Ó lè mú ọrùn ẹsẹ̀ wú. Tó bá wú, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, ẹ má kàn jáwọ́.

Lasix àti Moduretic ń mú kí kíndìnrín lé iyọ̀ àti omi jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹ lò ó láàárọ̀, kí ìtọ̀ má baà dá oorun yín rú. Ẹni tó ń lo Lasix tó tún gba ààwẹ̀ gbẹrẹfu ọjọ́ mẹ́ta nínú ooru yìí, omi ara rẹ̀ lè gbẹ, ó lè dákú, kíndìnrín rẹ̀ sì lè fara gbá a.

Lisinopril ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe èròjà kan tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ó lè fa ikọ́ gbígbẹ. Tí ètè tàbí ahọ́n bá wú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀! Aláboyún ò sì gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, captopril, tó jáde ní 1981, oró ejò kan ní Brazil ló fọ̀nà rẹ̀ han àwọn onímọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ejò idẹ inú Númérì 21, ẹ ò rí iṣẹ́ Ọlọ́run?

Propranolol àti atenolol ń mú kí ọkàn rọra lù. Ẹni tó ní asthma gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó lò ó. Èyí gan-an ni kí ẹ má ṣe dá dúró lójijì. Ọkàn tí wọ́n ti ń kó níjàánu á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, BP á fò sókè, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì lè ti ibẹ̀ kú.

Digoxin, láti ara ewé foxglove tí dókítà William Withering kọ ìwé lé lórí ní 1785, ń fún ọkàn tó ti rẹ̀ lágbára. Kí nọ́ọ̀sì tó fún àgbàlagbà lò ó, á ka bí ọkàn ṣe ń lù fún odindi ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá tó 60, á dá a dúró, á pe dókítà. Tí aláìsàn bá ń bì, tí oúnjẹ ò wù ú, tí ojú rẹ̀ ń rí nǹkan ní pupa ràkọ̀ràkọ̀, ẹ tètè sọ.

Ẹ má sì sọ pé egbòogi tiwa ò lè ṣe nǹkan kan. Asọfẹ́yẹjẹ tí àwọn bàbá wa ń lò ní èròjà tó ń mú BP wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló wọ̀n ọ́n? Ẹni tó bá mu àgbo rẹ̀ mọ́ tàbúlẹ́ẹ̀tì, BP rẹ̀ lè já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Diclofenac àti ibuprofen tí a ń rà fún ara ríro lè gbé BP sókè. Aspirin ló wà nínú Alábùkún. Ẹni tó ń lo warfarin, kó má fọwọ́ kàn án láìbéèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbàlagbà nílé, ẹ ṣe bí nọ́ọ̀sì: ẹ wo orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti àkókò rẹ̀. Ẹ kọ BP sílẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé oògùn lánàá, ẹ má lo méjì lónìí. Kí bàbá jókòó díẹ̀ sétí ibùsùn kó tó dìde.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ o. Nígbà míì, ìgbàgbọ́ kọ́ ló pọ̀, owó ló tán. Oògùn ti wọ́n, owó ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde ti wọ́n, ojú sì ń ti màmá láti sọ, ló bá ní òun ti gba ìwòsàn. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà. Ẹ yọ nínú owó àánú ìjọ ra oògùn kó tó tán. Ẹ ra ẹ̀rọ BP kan sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ máa yẹ èèyàn wò lẹ́yìn ìsìn. Ẹ má gba oògùn ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ. Tí ẹ bá kéde ààwẹ̀, ẹ kéde fún àwọn tó ń lo oògùn pé kí wọ́n bi dókítà kọ́kọ́.

Tí àyà bá ń dun èèyàn, tí èémí ò já geere, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan rọ lójijì, ẹ gbé e sínú ọkọ̀. Inú ọkọ̀ yẹn ni ká ti máa gbàdúrà lọ.

Kí Olúwa pa ọkàn wa mọ́ lórúkọ Jésù. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí màmá kan tàbí bàbá kan.