Ẹ Tọ́jú Ọ̀rọ̀ De Ọjọ́ Ìjàǹbá

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀, àwọn baba wa wí pé kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wo àwọn ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ tí ó wà nínú ìgboro Ìbàdàn wa yìí, láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Màpó títí dé Bẹ́yẹrúnkà, mo rí i pé ẹni tí ó gbé garawa iyanrìn kalẹ̀ de iná ń bẹ, ẹni tí ó yan akápò tí ó ní láárí ń bẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jókòó ro ohun tí yóò sọ fún aráàlú lọ́jọ́ tí ibi bá dé, àti ẹni tí yóò bá a sọ ọ́, ó ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Ìbàdàn Mẹ̀sí Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, ìlú jagunjagun tí oríkì rẹ̀ kò fi ìjà ìgboro pamọ́ fún àlejò, ti jìyà àìtọ́jú ọ̀rọ̀ rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1958, nígbà tí Adégòkè Adélabù, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, olórí ẹgbẹ́ alátakò ní Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ń darí bọ̀ láti Èkó, ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ àti ọkọ̀ mìíràn forí sọ ara wọn nítòsí Òde Rẹ́mọ, ó sì kú. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba ìgboro kan ni pé ọwọ́ àwọn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n jọ ń du ipò, ń bẹ nínú rẹ̀. Ni gbẹgẹdẹ bá gbiná: wọ́n sun ilé, wọ́n pa ènìyàn, àwọn ọlọ́pàá sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ sí àtìmọ́lé.

Ohun tí ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n rò nínú ìtàn yìí ni pé òtítọ́ kò ṣàìsí lọ́jọ́ náà. Ó wà, ṣùgbọ́n ìjọba tí ó yẹ kí ó sọ ọ́ wà lọ́wọ́ àwọn Ọlọ́pẹ gan-an tí àwọn ènìyàn ń fura sí, ìwé ìròyìn tí ìhà kan bá sì gbé jáde, irọ́ ni lójú ìhà kejì. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, kì í ṣe nítorí pé kò dára, bí kò ṣe nítorí pé ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ kò rí oníbàárà tí ó fọkàn tán an. Ìfọkàntán kì í ṣe ohun tí à ń yá lọ́jọ́ ìṣòro. Ẹni tí kò bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ òdodo nígbà tí ara tù wọ́n, wọn kì yóò gbà á gbọ́ nígbà tí ojú bá pọ́n wọn.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ wọ́ tìrítìrí wá sí Màpó. Owó orí ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, owó kòkó kò tó nǹkan, wọ́n sì ń bèèrè pé kí owó orí padà sí ọgbọ̀n ṣílè. Ìjọba rán agbowó-orí, ó rán ọlọ́pàá, ó rán sójà. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn títí wọ ọdún 1969, tí àwọn àgbẹ̀ náà, tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà, fi já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Ọ̀ràn náà kò rọ̀ títí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi lọ bá Tàfá Adéoyè, olórí wọn, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Akànrán, tí owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn, níbo ni yóò ti mọ ọ̀rọ̀ rere tí yóò sọ?

Ẹ wá wo alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, tí ìró kan dún ní Bódìjà tí gbogbo ìlú fi mì. Oníkálukú ń sọ tirẹ̀: àwọn kan ní bọ́ǹbù ni, àwọn kan ní gáàsì ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Gómìnà Ṣèyí Mákindé dé ibẹ̀, tí ó sọ pé ohun tí ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn ni pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan, pé ìwádìí ṣì ń lọ. Kò dúró de ìgbà tí gbogbo rẹ̀ yóò yé e kí ó tó lanu. Èyí tí ó mọ̀ ni ó sọ, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ìwádìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ti ọlọ́kọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yin alákòóso mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ̀kínní, ẹ yan agbẹnusọ kan àti igbákejì rẹ̀. Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ alága. Kí ó ṣáà jẹ́ ẹni tí a mọ̀ sí olótìítọ́, tí inú kì í yára bí. Bí ẹni mẹ́ta bá ń sọ ohun mẹ́ta, ẹ̀kẹrin tí kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ ni aráàlú yóò gbà gbọ́.

Ẹ̀kejì, ẹ kọ nọ́ńbà àwọn tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ sílẹ̀: ẹbí àwọn ènìyàn yín, Mọ́gàjí agbo ilé tí ó yí yín ká, panápaná, ọlọ́pàá, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ rédíò. Kò tọ́ kí ìyá gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp.

Ẹ̀kẹta, ẹ ti kọ bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yóò ti rí. Bí iná bá ṣẹ́ ní Ọjà'ba, kí agbẹnusọ lè sọ láàrin wákàtí kan pé: “Iná ṣẹ́ ní ìsọ̀ àwọn aláṣọ ní agogo mẹ́jọ alẹ́. A kò tíì mọ ohun tí ó fà á. Ẹ má ṣe sáré wá sí ọjà, kí ọkọ̀ panápaná lè rí ọ̀nà kọjá. A ó tún bá yín sọ̀rọ̀ ní agogo mẹ́wàá.” Kí agogo mẹ́wàá tó lù, kí ó sì ti múra àtisọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ pé kò sí ohun tuntun.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe bo àṣìṣe yín mọ́lẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ìpàdé, ẹnìkan yóò dáhùn pé, “A kò ní rí ibi!” Kí gbogbo wa ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé garawa iyanrìn kalẹ̀, kò fi pe iná. Kí ìpàdé yín tí ń bọ̀ má tú kí akọ̀wé tó kọ orúkọ agbẹnusọ àti igbákejì rẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Kí ẹ sì máa ṣe ìdánrawò ètò yìí lọ́dọọdún, nítorí bí a ti ń yan agbẹnusọ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ń yí padà.