Àgádágodo àtijọ́ inú fóònù: ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má ti mẹ̀kúnnù mọ́ta

Fóònù ti di àpò owó fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹni tó fẹ́ ra iṣu ní Kambolé lè jókòó sí Sokodé, kó fi Flooz tàbí Mixx by Yas, èyí tí a mọ̀ sí T-Money tẹ́lẹ̀, sanwó fún àgbẹ̀, láì gbé owó rìn lójú ọ̀nà. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé lọ́dún 2020, orí fóònù ni ìjọba Togo gbà pín owó ìrànwọ́ Novissi. Sẹ́fà 12,250 lóṣù ni wọ́n là sílẹ̀ fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin, àgbègbè Tchaoudjo tí Sokodé wà sì wà lára àwọn tó jẹ nínú rẹ̀.

Níbi tí owó bá wà, olè kì í jìnnà síbẹ̀. Ohun tó ń ṣọ́ owó àti ọ̀rọ̀ inú fóònù ni ẹnà. Ẹ rántí ẹnà tí àwọn ọmọdé fi ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, tí àgbà yóò jókòó tì wọ́n tí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ṣe ń da ọ̀rọ̀ rú, tó jẹ́ pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ló lè tú u. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ títí, gbogbo ọmọ àdúgbò a gbọ́ ẹnà yẹn, kò sì ní bo àṣírí mọ́. Ẹnà inú ẹ̀rọ náà máa ń gbó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè wa lónìí ni pé, èyí tó ti gbó tó ṣì wà nínú fóònù àti síìmù wa, kí ló yẹ ká ṣe sí i?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnà kan tí wọ́n ń pè ní DES. Ọdún 1977 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Lọ́dún 1998, ẹgbẹ́ Electronic Frontier Foundation kan ẹ̀rọ kan tí owó rẹ̀ kò tó 250,000 dọ́là, ẹ̀rọ náà sì rí kọ́kọ́rọ́ DES láàárín wákàtí 56. Lọ́dún 1999, kò gbà ju wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú 15 lọ. Nígbà tó di 2005, Amẹ́ríkà fagi lé e pátápátá.

Ǹjẹ́ DES wá parẹ́ láyé? Rárá o. Lọ́dún 2013, ọmọ Jámánì kan, Karsten Nohl, fi hàn pé ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ síìmù. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí ẹni tó ni fóònù kò lè rí ránṣẹ́ sí síìmù, síìmù fúnra rẹ̀ dá a lóhùn, inú ìdáhùn yẹn ló sì ti yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ yẹn lè pàṣẹ fún síìmù onísíìmù. Àgádágodo tí wọ́n ti já ní ọdún 15 sẹ́yìn ṣì wà lápò àwọn èèyàn, wọn ò sì mọ̀.

Kí ló dé tí wọn kì í tètè yọ ọ́? Àìbìkítà wà níbẹ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́. Àgádágodo tí èèyàn ti fi ti ẹrù rẹ̀, bí ẹ bá já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbà lójijì, ẹrù olúwarẹ̀ há sínú nìyẹn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2023, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí fóònù tí Android rẹ̀ kò tó 5.0. Ilé-iṣẹ́ náà lè ní ìdí tirẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ̀kúnnù tí kò rówó ra fóònù míì ló jẹ ìyà rẹ̀.

Ọ̀nà tó dára wà láàárín méjèèjì. Gbogbo fóònù Android ló ní Linux nísàlẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ láti inú wá. Lọ́dún 2020, àwọn tó ń tún Linux ṣe kó àwọn ẹnà àtijọ́ kan jọ, irú bí Anubis, Khazad, SEED àti TEA, tí Linux fúnra rẹ̀ kò lò mọ́. Wọn kò jù wọ́n nù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi wọ́n sẹ́yìn ìlẹ̀kùn kan: ẹni tó ṣì nílò wọn lè ṣí i, ẹni tí kò nílò wọn kò ní gbé wọn rù. Bí àjọ NIST ti Amẹ́ríkà ṣe ṣe fún Triple DES, àbúrò DES, náà nìyẹn. Láti ìparí ọdún 2023, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í ti nǹkan tuntun mọ́, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè fi ṣí ohun tó ti tì tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí a tó gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, ó yẹ kí tuntun tí agbára rẹ̀ ká wà nílẹ̀. Ẹnà AES tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2001 lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo fún àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan. Nítorí náà, Android gbà kí irú fóònù bẹ́ẹ̀ wà láì ti ohun tí a kó pamọ́ sínú rẹ̀. Lọ́dún 2018, Google fẹ́ lo Speck, ẹnà tí àjọ aṣọ́lẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NSA ṣe, Linux sì gbà á wọlé. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn kò balẹ̀ sí ibi tó ti wá. Google yí ọkàn padà, Linux sì yọ ọ́ lọ́dún yẹn kan náà. Ní oṣù kejì ọdún 2019, Google gbé Adiantum jáde, tí wọ́n dìídì ṣe fún fóònù tí kò lágbára. Láti Android 10 ni wọ́n sì ti ní dandan ni kí fóònù tuntun ní àgádágodo. Ẹ rí i pé àìlówó kò yẹ kó sọ èèyàn di ẹni tí kò ní ìlẹ̀kùn.

Èyí ló mú wa ké sí ARCEP, tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, àti ANCy, tó ń rí sí ààbò orí ẹ̀rọ ní Togo. Òfin ààbò orí ẹ̀rọ ti wà láti oṣù kejìlá ọdún 2018. Ẹ ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù sọ ẹnà tó ń ṣọ́ síìmù tí wọ́n ti tà fún wa. Bí ti àtijọ́ bá ṣì wà, kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀, kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n sì gbé e wá sí Tchamba àti Kambolé lọ́jọ́ ọjà, kí ìyá àgbà má baà wọkọ̀ lọ sí Sokodé nítorí síìmù. Kí ìkéde náà má sì jẹ́ Faransé nìkan. Ẹ fi èdè Kambolé, Tem àti Akaselem ṣe é.

Ẹ̀yin ọlọ́jà àti àgbẹ̀ wa, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra fóònù àlòkù, ẹ kọ́kọ́ wo inú rẹ̀, kí ẹ mọ ìgbà tí àtúnṣe ààbò wọ inú rẹ̀ kẹ́yìn. Bó bá ti pẹ́ ju ọdún bíi mélòó kan lọ, ẹ má fi owó ọjà yín síbẹ̀. Ẹni tí síìmù rẹ̀ ti gbó, kó béèrè fún tuntun ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ẹ má sì sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí àgádágodo tó lè gba ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ lé olè lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí àwọn tó mọlé yìí tètè tún un mọ, nígbà tí ẹrù wa ṣì wà nínú rẹ̀ láìfọwọ́kàn.