Sinimá Ìjà Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Ọmọ Wa Máa Wò

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọlọ́lá ìlú wa sọ nínú ìwé oṣù yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí ta ni ó retí pé kí ẹgbẹ́ tí ó fi àṣà àti ìtàn Yorùbá ṣe iṣẹ́ máa gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí sinimá ìjà? Ṣùgbọ́n àwa kò lè dákẹ́. Ní Ọjà-Ọba, ní iwájú ààfin Ẹ́mírì gan-an, ibi tí àgbà àti ọmọdé ti ń pàdé, ó ti di ohun ojoojúmọ́ láti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n pagbo yí fóònù kan ká, tí wọ́n ń wo bí akọni kan ti ń fi ẹsẹ̀ lásán dá ogún ọ̀tá dùbúlẹ̀. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni èwo ni ó dára, èwo ni kò dára. Kò sì sí àgbà tí ó sọ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn kan ń wí pé kí a ka sinimá ìjà léèwọ̀ fún àwọn ọmọ pátápátá. Àwa kò bá wọn lọ sí ibẹ̀. Ohun tí ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn kò ṣeé ti ilẹ̀kùn mọ́. Ìlú tí ó sì ní Balógun mẹ́rin, Gàmbàrí, Fúlàní, Ajíkòbí àti Àlánámù, kò lè wí pé ọ̀rọ̀ akọni àti ti ìjà jẹ́ àjèjì sí òun. Àwọn baba ńlá wa gun ẹṣin lọ sójú ogun. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń gun ẹṣin yẹ Ẹ́mírì sí nígbà ọdún iléyá títí di òní. Ìfẹ́ akọni wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa. Iṣẹ́ àgbà ni láti fi ọ̀nà hàn án.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé eré lásán ni sinimá. Ẹ wo Israel Adesanya. Ọmọ Yorùbá ni, Èkó ni a bí i sí ní ọdún 1989, àwọn òbí rẹ̀ sì mú un lọ sí New Zealand nígbà tí ó wà ní èwe. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé sinimá kan tí àwọn ará Tàìláńdì ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ong-Bak, ni ó ru òun sókè tí òun fi lọ kọ́ ìjà ẹsẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ọmọ yìí borí Robert Whittaker ní ìlú Melbourne, ó sì di aláṣẹ gbogbo àgbáyé láàárín àwọn oníjà UFC tí ìwọ̀n wọn bá tirẹ̀ dọ́gba. Sinimá kan ṣoṣo ni ó ṣí ọ̀nà fún un. Bí sinimá rere bá lè sọ ọmọ di aláṣẹ, a kò gbọdọ̀ ṣe àìmọ̀ pé sinimá burúkú lè sọ ọmọ di jàǹdùkú. Olùkọ́ ni sinimá ìjà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ irú olùkọ́ tí a ń fi ọmọ wa sí lọ́wọ́.

Ìwọ̀n tí àwa fi ń wọn irú sinimá bẹ́ẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Èkíní: ṣé ó fi làálàá ẹ̀kọ́ hàn, tàbí akọni rẹ̀ kàn jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó sì mọ ìjà? Èkejì: ṣé ìdí tí a fi jà níbẹ̀ tọ́, ṣé akọni náà sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fa ọwọ́ sẹ́yìn? Ẹ̀kẹta: ṣé ó bu ọlá fún ìlú àti àwọn ènìyàn tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn wá? Èyí tí kò bá ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ariwo ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Nínú ti òkèèrè, mẹ́ta ni a yàn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní The 36th Chamber of Shaolin, tí ilé iṣẹ́ Shaw Brothers ṣe ní Hong Kong ní ọdún 1978, tí Lau Kar-leung darí, tí Gordon Liu sì jẹ́ akọni rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sá fún àwọn aninilára tí ó pa àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì Shaolin láti kọ́ ìjà. Ẹ kíyèsí i: wọn kò kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìjà rárá. Omi ni ó rù ní nínà apá, a sì so ọ̀bẹ mọ́ apá rẹ̀ kí ó má baà rẹ̀ ẹ́ tì. Ó fẹsẹ̀ rìn lórí igi tí ó léfòó lójú omi, ó sì jábọ́ títí ara rẹ̀ fi kọ́ bí a ti ń dúró. Yàrá márùndínlógójì ni ó wà ní ilé náà, ẹ̀kọ́ sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó parí gbogbo wọn, ohun tí ó béèrè ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dá yàrá kẹrìndínlógójì sílẹ̀, níbi tí òun yóò ti máa kọ́ àwọn mẹ̀kúnnù tí wọn kì í ṣe mọ́ńkì. Ọmọ tí ó bá wo èyí yóò mọ̀ pé ìmọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń kó pamọ́, àti pé sùúrù ni ó bí agbára.

Èkejì ni Ong-Bak tí a ti dárúkọ, tí ó jáde ní ọdún 2003. Olè gé orí ère Búdà ní abúlé kan, ó sì gbé e sá lọ sí Bangkok. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ting, tí Tony Jaa ṣe, ni abúlé rán láti lọ gba orí náà padà. Kò sí okùn tí ó fà á sókè nínú sinimá náà. Gbogbo fífò tí ó fò, ara rẹ̀ ni ó fò ó. Olùkọ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe lo ìjà náà, ó sì ní ìfaradà títí ọ̀rọ̀ fi di dandan. Kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe obìnrin, ni ó mú un jà. Ohun ìní baba rẹ̀ ni. Àwa tí a ní àwọn ère òkúta Èsìẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa, tí a kọ́ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fún ní ọdún 1945, ó yẹ kí ìtàn yìí wọ̀ wá lára ju ẹlòmíràn lọ.

Ẹ̀kẹta ni Ip Man ti ọdún 2008, tí Donnie Yen ṣe. Ọ̀gá ìjà ni Ip Man ní ìlú Foshan ní Ṣáínà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jàpáànì gba ìlú náà, tí ebi sì dé, ó kọ̀ láti fi ìmọ̀ rẹ̀ ta ọ̀tá lọ́rẹ. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a rí nínú sinimá náà ni ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ip Man gbé ilé ayé ní tòótọ́, òun ni ó sì kọ́ Bruce Lee ní Hong Kong.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà wá sí ilé. Inú wa dùn pé ọmọ ìpínlẹ̀ Kwárà wà ní iwájú nínú iṣẹ́ yìí. Femi Adebayo, tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Yunifásítì Ìlọrin, ni ó gbé Jagun Jagun jáde ní ọdún 2023. Ibùdó tí a ti ń kọ́ni ní ogun ni ìtàn náà dá lé: ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Gbọ́tìjà, tí ń bá igi sọ̀rọ̀, lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ògúndìjì, jagunjagun tí àwọn ọba ń bẹ̀rù, bí ọmọ náà ti ń dàgbà nínú iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú olùkọ́ rẹ̀ ń pọ́n sí i. Èdè rẹ̀ jinlẹ̀, aṣọ àti ohun ìjà rẹ̀ sì yẹ wá. Èyí tí a tún yàn ni Lisabi: The Uprising ti ọdún 2024, tí Lateef Adedimeji ṣe akọni rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ bí Líṣàbí ti fi ẹgbẹ́ àáró, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko, ṣe ẹgbẹ́ ogun ní ìkọ̀kọ̀ títí àwọn Ẹ̀gbá fi bọ́ lọ́wọ́ ìlàrí Ọ̀yọ́. Àjọṣe ni ohun ìjà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò ní pọ́n àwọn ọmọ wa ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú àwọn sinimá wa wọ̀nyí, wọn kò sì yẹ fún ọmọ kékeré. Èyí tí ó sì burú jù ni pé oògùn ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ara ṣe. Ọfọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀tá ti ṣubú. Ọmọ tí ó bá wo irú èyí kò ní lọ ṣe eré ìdárayá. Babaláwo tàbí oníṣègùn ni yóò máa wá kiri.

Ọ̀kan wà tí a ní kí ẹ wò pẹ̀lú ìṣọ́ra: The Woman King ti ọdún 2022, tí Viola Davis ṣe olórí àwọn obìnrin ogun Dàhòmì, tí John Boyega, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, sì ṣe Ọba Ghezo. Ìjà rẹ̀ dára, ìmúra àwọn obìnrin náà sì wú ni lórí. Òtítọ́ ni pé Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́, àti pé ó bọ́ nínú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1823. Ṣùgbọ́n sinimá náà sọ Ọ̀yọ́ di ìkà nìkan, ó sì sọ Dàhòmì di ẹni tí ó kọ òwò ẹrú sílẹ̀. A kò ní wí pé ọwọ́ Ọ̀yọ́ mọ́ nínú òwò ẹrú, kò mọ́. Ṣùgbọ́n Ghezo kò fi òwò náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Ogun Dàhòmì ni ó kọlu Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti ní ọdún 1864, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ogun Dàhòmì ni ó pa Kétu run ní ọdún 1886. Bí a kò bá sọ ìtàn wa, ẹlòmíràn yóò bá wa sọ ọ́ bí ó ti wù ú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ gan-an nìyí. Kí ni ó mú kí ọmọ Ọjà-Ọba mọ bí àwọn ará Ṣáínà ti ń dúró kí wọ́n tó jà, tí kò sì mọ bí a ti ń di ìjàkadì mú? Àwọn ará Ṣáínà gbé iṣẹ́ ìjà tiwọn sínú sinimá, gbogbo ayé sì wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Àwa ńkọ́? Ọ̀fà kò jìnnà sí wa. Ta ni kò mọ̀ pé ìjàkadì ni a fi ń ki wọ́n? Odunayo Adekuoroye, ọmọbìnrin Yorùbá, gba góòlù ìjàkadì nínú ìdíje Commonwealth ní ọdún 2014, ní 2018 àti ní 2022. Ẹ̀kọ́ ara ni ìjàkadì, ó ní òfin, kò nílò oògùn, kò sì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, ó ti parí, a ó sì fà á dìde. Síbẹ̀ àwa kò tíì rí sinimá ńlá kan tí ìjàkadì jẹ́ ọkàn rẹ̀ bí Ong-Bak ti jẹ́ fún àwọn ará Tàìláńdì.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin Balógun, ẹ̀yin Màgájí àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú: ẹ jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan alẹ́ kan lóṣù láti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ wo ọ̀kan nínú àwọn sinimá tí a dárúkọ wọ̀nyí, kí àgbà kan sì jókòó tì wọ́n láti bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta tí a kọ sókè yìí. Ẹ jẹ́ kí a ké sí àwọn oníjàkadì Ọ̀fà kí wọ́n wá fi iṣẹ́ wọn han àwọn ọmọ wa lójúkojú. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní owó, ẹ ràn àwọn tí ń ṣe sinimá lọ́wọ́ kí wọ́n lè ṣe èyí tí ara ọmọ Yorùbá yóò ti jà, tí ọfọ̀ kò ní bá a jà á. Ẹ̀yin òṣèré wa, ẹ lọ bá àwọn arúgbó tí wọ́n mọ ìtàn kí ilẹ̀ tó mọ́ bá wọn.

Ọmọ tí a kò kọ́, ọjà ni yóò kọ́ ọ. Ọjà ti ń kọ́ tiwa lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ọjà náà jókòó sí ìdí ẹ̀kọ́ ọ̀hún.