Ta Ni Yóò Di Ipò Mú Nínú Ẹgbẹ́ Àlejò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí rọrùn láti pa níbi ìsìnkú, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ láti mú un ṣe. Ó tilẹ̀ ṣòro jù fún ẹgbẹ́ tí àwọn àlejò dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ onílẹ̀ láti fi gbèjà ara wọn. Bí agbára olórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń dínkù, tàbí tí ọlọ́jọ́ bá dé bá a, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí onílé lé jáde lóru? Ta ni yóò tọ ìjọba lọ nítorí ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò pé?

Ọ̀rọ̀ àlejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ní Ìkẹ́rẹ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà sọ pé ọdẹ tí ó wá láti Ìbíní ni baba ńlá àwọn Ògògà, àti pé Olúkẹ́rẹ́ ni ó bá lórí ilẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ Èkìtì wà káàkiri ìlú òyìnbó, àwọn Ebira, Ìgbò àti Hausa náà sì ń gbé láàárín àwọn ará Èkìtì. Ẹni tí ó jẹ́ onílé níhìn-ín ni ọmọ rẹ̀ jẹ́ àlejò lọ́hùn-ún.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olórí ẹgbẹ́ àlejò gbé yẹ̀ wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní London, pẹ̀lú ìyànjú Dókítà Bankole-Bright ti ilẹ̀ Sierra Leone, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. WASU ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì dún létí Yorùbá bí wàásù. J. B. Danquah ti ilẹ̀ Ghana ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ààrẹ rẹ̀, Ṣólàńkẹ́ sì jẹ́ akọ̀wé àgbà. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onílé ní London ni kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé. Nítorí náà, láti ọdún 1929 títí di 1932, Ṣólàńkẹ́ rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já láti wá owó. Ní ọdún 1933, ẹgbẹ́ ṣí ilé ìgbé tirẹ̀ ní Camden Road. Òun ni alábòójútó ilé náà, ìyàwó rẹ̀, Ọ̀pẹ́olú, sì di ìyá fún àwọn ọmọ tí kò ní ìyá nítòsí.

Iṣẹ́ náà tóbi, iyì rẹ̀ kò sì lè parẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, orúkọ ẹgbẹ́ àti orúkọ ọkùnrin kan di ọ̀kan náà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó tún rin ìrìn àjò kejì láti 1944 sí 1948. Kí ó tó padà, ogun ti yí ayé padà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń béèrè òmìnira kíákíá ti gba iwájú nínú ẹgbẹ́, Kwame Nkrumah sì wà lára àwọn tí ó ti jẹ́ igbákejì ààrẹ. Ọ̀nà àgbà àti ọ̀nà ọ̀dọ́ pín. Nígbà tí Ṣólàńkẹ́ kú ní London ní ọdún 1958, ẹgbẹ́ tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìwà ìkà ni ó fa èyí. Ètò ìgbípòsílẹ̀ ni kò sí.

Àṣà Èkìtì ní ohun tí ó lè wí sí i. Nígbà tí ọba bá wàjà ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ọmọbìnrin rẹ̀ ni a ń fi jẹ adélé. Yóò wọ aṣọ bí ọkùnrin, yóò dé adé, yóò sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú títí di ọjọ́ tí a bá yan ọba tuntun. Ọgbọ́n mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Ìtẹ́ kò ṣófo. Ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń dù ú. Ọwọ́ àwọn afọbajẹ ni yíyàn sì wà, kì í ṣe ọwọ́ adélé.

Ẹnìkan lè jiyàn pé ikú ni ó ń ṣí ààyè ọba sílẹ̀, àti pé olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ lè wà láàyè fún ogún ọdún lẹ́yìn tí agbára rẹ̀ ti dínkù. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣà ọlọ́wọ̀ọ́-ọjọ́-orí dáhùn èyí pẹ̀lú. Láyé àtijọ́, àwọn tí ń ro ọ̀nà kì í ro ó títí ayé. Ọ̀wọ́ tí ó kéré a gba iṣẹ́, ọ̀wọ́ tí ó dàgbà a bọ́ sípò ìmọ̀ràn. A kò lé wọn. A gbé wọn ga ni. Bí ẹgbẹ́ bá fi irú ipò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún olùdásílẹ̀ rẹ̀, kò ní bẹ̀rù láti fi àga sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kò sì ní nílò láti já a gbà.

Ewu kì í dúró de ìbò ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n jáde, àìmọye ọmọ Yorùbá sì kó ẹrù wọn sílé. Ẹgbẹ́ tí ń jà lórí àga ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí gbogbo ẹgbẹ́ àlejò, nílé àti lẹ́yìn odi, kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn: iye ọdún tí olórí yóò lò, ẹni tí yóò dele bí ó bá ṣàìsàn, àti àwọn tí yóò yan arọ́pò. Kí ìwé àkọsílẹ̀ àti owó má wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Olórí tí ó bá kọ́ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le ni àlejò yóò rí sá bá lẹ́yìn ọ̀la.